Ìka Rẹ Dà?

Mo kórìíra ọkùnrin náà. Mo fẹ́ kí ẹni tó bá ń ka ìwé yìí mọ̀ ọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ó má baà rò pé mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ dídùn bo nǹkan mọ́lẹ̀. Òun ló kọ́ mi ní Gẹ̀ẹ́sì ní kọlẹ́ẹ̀jì ní Pobè, níhà ẹnubodè tiwa tí Faransé ti jẹ́ èdè ilé ìwé. Irun rẹ̀ ti ń funfun báyìí, ó sì máa ń fi ẹ̀rín kí mi tí a bá pàdé, bí ẹni pé kò sí nǹkan kan láàárín wa rí. Ẹni tó ya ìgbẹ́ á gbàgbé, ẹni tó kó o kò ní gbàgbé. Mo ń dá a lóhùn, nítorí pé wọ́n kọ́ mi nílé.

Ní ọdún tí mò ń wí yìí, ẹ̀ẹ̀kejì nìyẹn tí mo fẹ́ ṣe BEPC, ìdánwò tí a gbọ́dọ̀ yege kí a tó lè tẹ̀síwájú ní kọlẹ́ẹ̀jì. Gẹ̀ẹ́sì ló gbé mi ṣubú nígbà àkọ́kọ́. Bàbá mi, tó jẹ́ àgbẹ̀ ní Igana, kì í pariwo. Ó kàn sọ fún mi nígbà tí a ń jẹun pé bí Gẹ̀ẹ́sì bá tún gbé mi ṣubú, kí n má wulẹ̀ padà sí Pobè mọ́, pé ibi tí ìyá mi ti ń fún epo nílé gba ènìyàn méjì. Ìyá mi tẹjú mọ́ àwo ọbẹ̀. Mo fẹ́ràn ìyá mi, ṣùgbọ́n mo ti rí ọwọ́ rẹ̀, mo sì mọ ohun tí iṣẹ́ epo ń ṣe sí ọwọ́. Ìwé ni mo fẹ́ kà.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé mo gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀. Gbogbo àwa tí à ń gbé ní tòsí ẹnubodè la gbọ́ ọ díẹ̀, nítorí àwọn oníṣòwò tó ń ti Nàìjíríà wá. Àmọ́ Gẹ̀ẹ́sì ọjà ni. Ti ìdánwò yàtọ̀. Wọn á fún ọ ní àyọkà kan, wọn á bi ọ́ ní ìbéèrè lórí rẹ̀, wọn á fẹ́ mọ̀ bóyá ohun tí o kà yé ọ. Ibẹ̀ ni mo ti máa ń kan ìdin nínú iyọ̀.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá yìí fún wa ní àyọkà nípa obìnrin kan tó ń fún epo pupa lẹ́bàá odò. Inú mi dùn. Mo ní lónìí, wọ́n ti gbé ìdánwò wá sílé wa. Ìbéèrè kan ní: kí ló dé tí obìnrin náà fi máa ń dé odò kí ilẹ̀ tó mọ́? Àyọkà náà sọ ọ́ kedere pé ó fẹ́ pọn omi kí àwọn màlúù tó wá dà á rú. Èmi kò tilẹ̀ wo ibẹ̀. Mo kọ ọ́ pé ẹyìn tí a sè, bó bá tutù, kì í fẹ́ tú epo mọ́, àfi kí a tètè gún un nígbà tó ṣì gbóná. Òótọ́ ni. Ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ní Igana tàbí ní Towé.

Nígbà tó ń dá ìwé padà, ó fi tèmi ṣe ìkẹyìn. Ó ní kí n dìde. Ó ka ìdáhùn mi sókè, ó ń fa ọ̀rọ̀ náà gùn, ó wá túmọ̀ rẹ̀ sí Faransé kí àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì kò yé lè bá a rẹ́rìn-ín.

"Ẹ wo ẹni tó mọ̀ ju ìwé lọ," ó ní. "Lọ sọ fún ìyá rẹ kó wá bá ọ ṣe ìdánwò náà. Ó jọ pé òun ló ń kọ́ ọ ní Gẹ̀ẹ́sì."

Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, Elépo ni wọ́n ń pè mí, ọ̀gá náà fúnra rẹ̀ sì ń pè mí bẹ́ẹ̀ tó bá ń pe orúkọ wa láàárọ̀. Òdo tó fún mi kò dùn mí, nítorí òdo tọ́ sí mi. Ẹnu tó fi kan ìyá mi ni n kò lè gbà. Mo jókòó, mo sì búra nínú ara mi pé, bó pẹ́ bó yá, ọkùnrin yìí náà yóò dúró níwájú ènìyàn, wọn yóò ka àṣìṣe tirẹ̀ sókè, wọn yóò sì fi í rẹ́rìn-ín.

Ẹni tó wá kọ́ mi bí a ti ń ka àyọkà kì í ṣe olùkọ́ ilé ìwé. Bàbá kan láti òdìkejì ẹnubodè ni, tó ń ta oògùn apakoríko lọ́jà Pobè. Alájì ni gbogbo wa ń pè é. Ó ti ṣe tísà rí ní ìlú rẹ̀ kó tó di oníṣòwò. Gbogbo oògùn tó ń tà, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kọ sí wọn lára, bẹ́ẹ̀ Faransé ni àwọn àgbẹ̀ wa tó lọ sílé ìwé lè kà, àwọn yòókù kò sì lè ka ohunkóhun. Nítorí náà, Alájì ní òfin kan: kò sí ìgò tó máa kúrò nínú ìsọ̀ rẹ̀ tí wọn kò ní kà fún ẹni tó rà á, pẹ̀lú ìka lórí ìlà. Bàbá mi rán mi lọ ra oògùn lọ́dọ̀ rẹ̀. Nígbà tó kà á fún mi tán, mo ní kó jọ̀ọ́, kó kọ́ mi. Ó gbà, ó ní kí n ṣáà máa bá òun jókòó ti ọjà nígbà tí òun bá lọ kírun ìrọ̀lẹ́.

Ara ìgò àti ara àpò ajílẹ̀ ni mo ti kẹ́kọ̀ọ́. Alájì á kọ́kọ́ bi mí ní ìbéèrè, á wá ní kí n kà á, kí n dáhùn. Bí mo bá ti dáhùn, ohun kan náà ló máa ń sọ.

"Ìka ẹ dà?"

Ó fẹ́ kí n fi ìka tẹ ibi tí mo ti rí ìdáhùn. Bí n kò bá rí ibi tẹ̀, ìdáhùn náà di asán.

"Ṣùgbọ́n òótọ́ ni, Alájì," mo ní lọ́jọ́ kìíní. "Bẹ́ẹ̀ ni bàbá mi ń ṣe é lóko."

"N ò bi ẹ́ léèrè ohun tí bàbá ẹ ń ṣe. Àwọn tó ń lọ mọ́ṣáláṣí, níbo ni wọ́n ń bọ́ bàtà wọn sí?"

"Ẹnu ọ̀nà ni, Alájì."

"Ohun tóo mọ̀ láti ilé, bàtà ni. Bọ́ ọ sẹ́nu ọ̀nà kóo tó wọlé. Kò sẹ́ni tó máa jí i gbé."

Ó tún kọ́ mi ní ọ̀kan sí i. Ó ní ọ̀rọ̀ tí mo bá mọ̀ láàárín ìlà dà bí ojúlùmọ̀ tí mo rí láàárín èrò: kí n kí i, ṣùgbọ́n kí n wo àwọn tó ń bá a rìn. Mo gbá ẹ̀kọ́ yìí mú bí ẹni tí ebi ń pa. Kì í ṣe nítorí ìfẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ojú ọ̀gá mi ni mò ń rí lórí gbogbo ìgò tí mò ń kà.

Ó wá di ìgbà tí àgbàdo àkọ́rọ̀ òjò ga dé orúnkún. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Alájì lọ kírun, èmi nìkan ni mo wà nínú ìsọ̀, pẹ̀lú àgbẹ̀ méjì láti Towé tí wọ́n ń dúró dè é. Ni ọ̀gá mi bá gun alùpùpù rẹ̀ dé.

"Elépo, ìwọ náà ti di ọlọ́jà?"

"Ẹ káàbọ̀, Mùsíé," mo ní, bí a ti ń pe àwọn olùkọ́ wa ní Faransé.

"Koríko fẹ́ bo àgbàdo mi pa ní Ahoyéyé. Kí lẹ ní?"

Mo ti na ọwọ́ sí èyí tó yẹ. Kò dúró. Ó fúnra rẹ̀ mú ìgò mìíràn, ó gbé e sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí kà á ní ohùn rara kí àwọn àgbẹ̀ méjèèjì lè gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́nu rẹ̀. Ó rí ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí àgbàdo ní ìlà kejì, ó sì dúró síbẹ̀.

"Èyí gan-an ni," ó ní. "Oògùn àgbàdo."

Mo mọ ìgò náà dáadáa. Ìlà kejì ní ilẹ̀ tí a fẹ́ gbin àgbàdo sí ni oògùn náà wà fún. Ìlà kẹta ní kí a fọ́n ọn kí a tó gbìn. Ìlà kẹrin ní kí a má fọ́n ọn sí ohun ọ̀gbìn tó ti hù, nítorí gbogbo ewé tútù ló ń pa. Mo la ẹnu. Ọlọ́run rí mi, mo fẹ́ kà á fún un.

"Mùsíé, ní ìlà kẹta..."

"Ìwọ lo fẹ́ ka Gẹ̀ẹ́sì fún mi?" Ó yíjú sí àwọn àgbẹ̀ náà. "Ọmọ yìí, ìyá rẹ̀ ló ń bá a kàwé. Wé e dáadáa, Elépo, kì í ṣe epo."

Mo pa ẹnu mi dé. Mo fi ìwé ìròyìn wé ìgò náà, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Mo ní, "Ẹ ṣeun, Mùsíé. Ẹ kú iṣẹ́ oko." Nígbà tí Alájì dé, n kò sọ nǹkan kan fún un.

Ẹ má bi mí bóyá mo rí oorun sùn. Mo sùn fọnfọn. Ní kíláàsì, bí ọ̀gá bá kọjú sí pátákó, èmi á máa wo ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀, mo sì ń rí àgbàdo tó ń pọ́n láti etí ewé, tó ń rọ, tó ń gbẹ. Inú mi dùn débi pé n kò ṣi ìbéèrè kankan nínú àyọkà tó fún wa lọ́sẹ̀ náà. Ó kọ máàkì mi sílẹ̀, kò sì ka ìyẹn sókè fún ẹnikẹ́ni.

Ó dé ìsọ̀ padà ní ọjọ́ ọjà, nígbà tí èrò pọ̀. Ìgò náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá arúgbó kan tẹ̀ lé e, ó ru ìdì igi àgbàdo gbígbẹ. Ọ̀gá mi ń pariwo pé ayédèrú oògùn ni Alájì ń tà, pé òun yóò mú un dé iwájú ìjọba. Alájì kò bínú. Ó gba ìgò náà, ó wò ó, ó dá a padà fún un.

"Mùsíé, ẹ jọ̀ọ́, ìka yín dà? Ẹ fi hàn mí níbi tó ti ní kí ẹ fọ́n ọn sí àgbàdo tó ti hù."

Àwọn ènìyàn ti yí wọn ká. Ọ̀gá mi fi ìka tẹ ìlà kejì. Ìka náà sọ̀ kalẹ̀ dé ìlà kẹta, ó dúró. Ẹnì kan láàárín èrò béèrè pé ṣé ọ̀gá Gẹ̀ẹ́sì ti kọlẹ́ẹ̀jì kọ́ nìyí ni, ẹ̀rín sì sọ. Ohun tí mo búra fún ti dé. Mo dìde lórí àpótí tí mo jókòó sí.

"Ìlà kẹta ni, Mùsíé," mo ní. "Ìwé ló sọ bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe ìyá mi."

Ó wò mí, mo sì rí i pé ó yé e. Kò sí oúnjẹ tí mo jẹ rí tó dùn tó ìwò yẹn.

Nígbà náà ni ìyá arúgbó yẹn sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀. Ìyá tó bí ọ̀gá mi ni, òun ló sì ni oko náà. Ọmọ rẹ̀ kàn ń bá a wá oògùn ni. Àgbàdo tó dì wá yẹn ni oúnjẹ tí ì bá jẹ lọ́dún náà.

"Ọmọ mi," ó ní fún mi, ohùn rẹ̀ kò le, "ṣé ìwọ lo tà á fún un?"

"Èmi ni, ìyá."

"Ṣé o ò mọ̀ ọ́n kà ni?"

Bí mo bá ní n kò mọ̀ ọ́n kà, mo tún di Elépo níwájú ọkùnrin náà àti gbogbo ọjà. Bí mo bá ní mo mọ̀ ọ́n kà, èmi ni mo fi ebi sílé ìyá yìí. Ìgbéraga ló dáhùn fún mi.

"Mo mọ̀ ọ́n kà, ìyá. Mo ti kà á kó tó gbé e lọ."

Kò ṣépè. Ó mi orí bí ẹni tó gbọ́ ohun tó wá gbọ́, ó sì fi ìdì igi àgbàdo náà sílẹ̀ níwájú ẹsẹ̀ mi. Alájì wá irúgbìn tó ń tètè gbó fún un, ó sì sìn wọ́n dé ọ̀nà. Nígbà tó padà dé, kò jókòó.

"Mo ní kóo bọ́ bàtà kóo tó wọlé," ó ní. "Ṣé mo ní kóo máa rìn láìwọ bàtà lọ sílé ni? Ẹ̀kọ́ tí ìyá ẹ fún ẹ, níbo lo fi sí?" Ó ní kí n má wá jókòó ní ìsọ̀ òun mọ́.

Ìdánwò kù díẹ̀ nígbà náà. Mo dá kọ́ ẹ̀kọ́ tó kù. Nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, mo tẹ ìka mọ́ ìwé débi pé tàdáwà lẹ̀ mọ́ ọn. Mo yege, Gẹ̀ẹ́sì ló sì gbé mi ga jù. Bàbá mi ra àkùkọ. Ọ̀gá mi kò bẹ̀ mí títí di òní, èmi náà kò bẹ̀ ẹ́, n kò sì ní í bẹ̀ ẹ́.

Sakété ni mo ti ń kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì báyìí. Ìwé àwọn ọmọ mi kún fún àmì ìka. Bí ọmọ kan bá kọ ohun tó mọ̀ láti ilé dípò ohun tó kà, n kì í kà á sókè. Mo máa ń lọ bá a níbi tó jókòó sí.

Ọdún tí mo gba iṣẹ́ náà ni mo gbé irúgbìn àgbàdo lọ fún ìyá yẹn ní Ahoyéyé, mo sì ń lọ lọ́dọọdún látìgbà náà nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ni mo fẹ́ gbẹ̀san lára rẹ̀, ìyá ló jẹ ìyà rẹ̀, n kò sì mọ bí a ti ń san irú ìyẹn. Ìyá máa ń gba irúgbìn náà, á ní mo ṣeun. Lẹ́yìn náà, á wọlé, á kó gbogbo ohun tó ní ìwé lára wá: páálí oògùn rẹ̀, àpò ajílẹ̀, agolo mílíìkì. Àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ wà níbẹ̀, wọ́n mọ̀ọ́kà. Nígbà mìíràn ọ̀gá mi pàápàá wà lórí àga lábẹ́ igi ọsàn. Ìyá á kọjá lára gbogbo wọn, á gbé e lé mi lọ́wọ́, á jókòó síwájú mi.

"Kà á fún mi," á ní. "Ìka rẹ dà?"

Màá fi ìka sí i. Á máa wo ìka náà láti ìlà dé ìlà, kò sì ní gbà á lọ́wọ́ mi títí màá fi kà á dé ìlà ìkẹyìn.