Ọkọ̀ Tí Mo Gbàdúrà Pé Kó Jẹ́ Ayédèrú

Mẹkáníìkì ni mí ní Kábà, ṣùgbọ́n àtúnṣe kọ́ ni mo fi ń jẹun mọ́ báyìí. Àwọn ọlọ́lá Àbújá àti Èkó ló ń rí ọkọ̀ Amẹ́ríkà àtijọ́ lórí ayélujára, irú èyí tó ní ilẹ̀kùn méjì, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń bú ramúramù. Wọ́n á rán mi pé kí n lọ wò ó bóyá ojúlówó ni. Ayédèrú ló pọ̀ jù. Àwọn oníjìbìtì á ra ọkọ̀ lásán, wọ́n á lẹ àmì èyí tó ṣọ̀wọ́n mọ́ ọn nídìí, wọ́n á kùn ún, wọ́n á ya fọ́tò. Inú wọn máa ń bí mi. Bí nọ́ńbà abẹ́ gíláàsì iwájú kò bá ti ara ẹ́ńjìnnì mu, n kì í fi bọpobọyọ̀, ojú wọn náà ni mo ti máa ń sọ ọ́.

Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní irú ọkọ̀ yẹn kan. Ó rà á lọ́wọ́ òyìnbó tó ń padà sílé, èmi pẹ̀lú rẹ̀ la jọ tún un ṣe. Ó fẹ́ràn rẹ̀ débi pé a máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìyàwó kejì ló gbé wálé. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ó gbé e jáde, ó ń lọ sí Lọ́kọ́ja. A ò rí òun, a ò rí ọkọ̀. Gbogbo wa la mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà yẹn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó pè wá pé ká wá fowó gbà á. Ìyá rẹ̀ kó wá láti Ìsánlú, wọ́n ń bá ẹ̀gbọ́n mi gbé. Àwọn méjèèjì ń retí rẹ̀, ọ̀kan ń kírun, èkejì ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi na fóònù sí mi. Ẹnì kan ń ta irú ọkọ̀ náà ní Ìlọrin, dúdú ni. Tiwa, pupa ni.

"Bá mi lọ wò ó," ló wí.

Kò ní láti sọ ohun tó ń rò fún mi. Ọkọ rẹ̀ kò jẹ́ ta ọkọ̀ yẹn láyé. Bí ti Ìlọrin bá jẹ́ ayédèrú, a jẹ́ pé tiẹ̀ ṣì wà níbì kan, òun náà sì lè wà láàyè. Bó bá jẹ́ òun gan-an, ó parí.

Nígbà tí mo dé Ìlọrin, ẹni tó ń tà á ní kò sí méjì irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo máa bẹ Ọlọ́run pé kó jẹ́ irọ́ lẹnìkan ń pa fún mi.

Mo ka nọ́ńbà náà, mo tún un kà. Mo mọ̀ ọ́n sórí tẹ́lẹ̀. Mo ṣì ń bá ara mi jiyàn. Mo wọ abẹ́ ọkọ̀, mo rí ibi tí mo ti fọwọ́ ara mi jó irin pọ̀ tí kò gún, tí ọkọ ẹ̀gbọ́n mi tìtorí rẹ̀ fi mí ṣẹ̀fẹ̀ títí. Mo wá mú òòfà mi jáde, irin tó máa ń lẹ̀ mọ́ ara ọkọ̀ níbi tí wọn ò bá ti fi pọ́tì dí i. Mo ń gbé e kiri lára ilẹ̀kùn awakọ̀. Ó ń lẹ̀. Nígbà tó dé ọ̀gangan àyà ẹni tó bá jókòó, ó já bọ́. Mo sún un díẹ̀, ó tún já bọ́. Ihò ọta ìbọn ni wọ́n dí níbẹ̀, tí wọ́n kun ọ̀dà lé lórí. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ọkùnrin náà béèrè ohun tí mo rí. Mo ní ojúlówó ni.

Àgọ́ ọlọ́pàá ni mo kọ́kọ́ yà kí n tó wọkọ̀ Kábà.

Ẹ̀gbọ́n mi ti ń dúró dè mí lẹ́yìnkùlé. "Okun o," ló kí mi, ojú mi ló ń wò. Mi ò tíì lanu tó fi mọ̀. Kò ké. Ó fọwọ́ ti ògiri.

"Ṣé ó jìyà?"

Mo ní mi ò rò bẹ́ẹ̀, pé á ti yá kíákíá.

Ó wá ní, "Màmá wà ní pálọ̀. Ẹ̀jẹ̀ wọn tún ru lánàá. Èmi á gbé tèmi. Lọ bá mi sọ fún wọn pé kì í ṣe òun."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin náà ńkọ́?"

"Lọ."

Mo wọlé, mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Màmá, ayédèrú ni." Wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ké sí ìyàwó ọmọ wọn pé kó tètè wá gbọ́, pé ọkọ rẹ̀ ń bọ̀. Ó nujú, ó wọlé, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó sì ń ṣe àmín.