Ìlà tó sọ ọkọ di oko

Ojú bàbá mi ń ṣe bàìbàì sí i, kò sì lè ka ìwé tí òun fúnra rẹ̀ kọ nípa ọ̀rọ̀ Ìkálẹ̀ mọ́. PDF ni ìwé náà. Bí ó bá sọ lẹ́tà rẹ̀ di ńlá lórí fóònù, ìdajì ìlà á sá kúrò lójú. Mo ní ká sọ ọ́ di EPUB, nítorí ìyẹn máa ń tún ìlà tò bí lẹ́tà bá ṣe ń tóbi sí i.

"Èló ni sọ́fítíwía tó ń ṣe bẹ́ẹ̀?" Ilé rẹ̀ ní Odigbo la wà.

"Ọ̀fẹ́ ni, Bàbá. Linux ni kọ̀ǹpútà mi ń lò, kì í ṣe Windows."

"Ọ̀fẹ́? Ní gáréèjì Ore níbẹ̀ yẹn, ta ní ń fún ọ ní omi tútù lọ́fẹ̀ẹ́? Ìwé mi ni wọ́n ń wá."

Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ èmi náà ń fura. Ojúewé àkọ́kọ́ tí mo ṣí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ní bọ́tìnì ìgbàsílẹ̀ aláwọ̀ ewé mẹ́ta, gbogbo wọn ń sọ pé àwọn ni ojúlówó. Ọ̀kan béèrè nọ́ńbà fóònù mi. Mo tì í pa. Ibi tí Linux fúnra rẹ̀ ń kó sọ́fítíwía sí ni mo ti mú Calibre, tó ń sọ PDF di EPUB. Síbẹ̀, mo pa dátà lójú Bàbá kí n tó gbé ìwé náà sínú rẹ̀. Bó bá jí i, kò ní rí ọ̀nà gbé e lọ.

Kò pẹ́ tó fi parí, mo sì fi wáyà gbé e sórí fóònù. Bàbá gba fóònù, ó kà á sókè: "Ìyàwó náà jókòó, ó ń retí oko rè." Ó wò mí. "Oko? Oko kòkó àbí ti ẹ̀gẹ́?"

Gbogbo àmì abẹ́ lẹ́tà ti lọ. Ọ̀rọ̀ ti di òrò.

"Mo sọ fún ọ! Wọ́n ti jí i."

Mo fura sí Calibre. Mo wá da "ọkọ" kọ látinú PDF gan-an, mo lẹ̀ ẹ́ sínú fáìlì òfìfo. "Oko" ló jáde. Mo fẹ PDF náà títí lẹ́tà kan fi gba ojú kọ̀ǹpútà. Kì í ṣe àmì roboto ló wà lábẹ́ rẹ̀, ìlà ni, bí èyí tí wọ́n ń fà sábẹ́ àkọlé. Nínú PDF, irú ìlà bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ara lẹ́tà. Bí sọ́fítíwía bá kó lẹ́tà, kì í kó ìlà náà.

"Bàbá, obìnrin tó bá yín tẹ̀ ẹ́ ní Ore ni olè wa. Ìlà ló fà dípò àmì."

Bàbá yọ jígí ojú rẹ̀.

"Èmi ni mo ní kó fà á. Ó ní òun ò rí àmì yẹn lórí kọ̀ǹpútà òun. Mo ní ìlà náà la máa ń fà lójú pátákó nígbà tí mò ń ṣe tíṣà ní Ajue."

A bẹ̀rẹ̀ sí í tún un tẹ̀. Linux ní kíbọ́ọ̀dù Yorùbá tirẹ̀. Mò ń tẹ̀, mò ń kà á sókè, òun ń tún un ṣe. Nígbà tí a parí ojúewé kìn-ín-ní, mo sọ ọ́ di EPUB, mo gbé e fún un.

"Ó ń retí ọkọ rẹ̀." Ó kà á lẹ́ẹ̀kejì, ó rọra rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí mi.

"Dátà yẹn ńkọ́? Ṣé o ṣì pa á? Kí wọ́n má gbé ìwé mi lọ o."