Àmín Tí Mo Gbà Lẹ́nu Ògúnṣọlá

Ògúnṣọlá alágbẹ̀dẹ fi ọdún méjì jù mí lọ. Ìsàlẹ̀ Èrúwà níbí ni arọ rẹ̀ wà, ibi tó ti ń rọ irin. Gbogbo ọkọ́ tí mo fi ro oko láti ìgbà tí mo ti gbéyàwó, òun ló rọ ọ́. Nígbà tí ọkọ́ òyìnbó dé ọjà Lánlátẹ̀, àwọn èèyàn sá lọ rà á. Nígbà tó ṣẹ́, wọ́n gbé e wá bá a pé kó bá àwọn tún un ṣe. Kò bú ẹnì kankan. Ó ní, "Ẹ gbé e kalẹ̀ síbẹ̀."

Bó ṣe rí nìyẹn. Kì í lé àlejò, kì í sì í dá àdúrà àlejò padà. Bí ààfáà bá yà kí i nígbà ààwẹ̀, tó sì ṣàdúrà, á tẹ́ ọwọ́ méjèèjì, á ní àmín. Ògún ni ilé wọn ń bọ o. Òun ni àgbà ilé, òun ló ń pa obì lọ́dún Ògún, bí bàbá rẹ̀ ti ń pa á. Àmín tó ń ṣe fún ààfáà kò sọ ọ́ di Mùsùlùmí. Gbogbo àdúgbò mọ̀. Èmi náà mọ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀bi mi wà.

Mo wà nínú ẹgbẹ́ ajíhìnrere ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ó di ọdún mọ́kànlélógún. N kò mọ̀wé púpọ̀. Iṣẹ́ tèmi ni kí n ní kí èèyàn sọ àdúrà ìgbàlà tẹ̀lé mi, pé ẹlẹ́ṣẹ̀ ni òun, pé òun gba Jésù ní Olúwa. Bó bá ti ṣe àmín, a ó kọ orúkọ rẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, pásítọ̀ pín ìwé fún wa, ó ní kí oníkálùkù mú orúkọ márùn-ún wá kí oṣù tó parí. Ó di Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù, mẹ́rin ló wà lọ́wọ́ mi.

Lọ́sẹ̀ yẹn, ọ̀kadà gbá Ògúnṣọlá lọ́nà Lánlátẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Mo sọ fún ìyàwó mi pé mo fẹ́ lọ kí i. Ìwé wà lápò mi.

Mo bá a lórí ẹní. Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà."

Ó ní, "Ìyẹn dáa. Ẹsẹ̀ yìí ń dùn mí dé eyín."

"Ẹ máa sọ ọ́ tẹ̀lé mi."

Ó wo Àṣàbí, ìyàwó rẹ̀. "Ṣé o rí nǹkan? Bàbá Salome ti di tíṣà. Bá mi gbé pàṣán pamọ́ o."

Àṣàbí ní, "Ẹ sọ ọ́, jàre. Ẹ̀yin tí ẹ sá nílé ìwé."

Ó ń sọ ọ́ tẹ̀lé mi. Nígbà tí mo dé ibi tí a ti ń kọ òrìṣà sílẹ̀, mo rẹ ohùn sílẹ̀, mo sì yára kọjá níbẹ̀. Òun náà yára tẹ̀lé mi. Ó ṣe àmín.

"Ó ti tán? Àṣàbí, bu ẹ̀kọ fún Bàbá Salome."

Mo jẹ ẹ̀kọ náà. Ìta ni mo ti kọ orúkọ rẹ̀.

Lọ́jọ́ Sunday, pásítọ̀ ka àwọn orúkọ tí a mú wá. Ó ní alágbẹ̀dẹ Ògún ti ju Ògún nù. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Agbo ilé Ògúnṣọlá ni ẹ̀rọ gbohùngbohùn wa dojú kọ, wọ́n sì gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Ọdún Ògún ku oṣù kan. Fákọ̀yà, ọmọ àbúrò bàbá rẹ̀, pe mọ̀lẹ́bí jọ. Ó ní ẹni tó ti fẹnu kọ Ògún kò lè pa obì fún un mọ́.

Ògúnṣọlá tẹ ọ̀pá wá sílé mi.

"Bàbá Salome, mo wá bẹ̀ ọ́ ni. Wá sọ fún wọn pé o wá kí mi, mo sì ṣe àmín fún ọ. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí n kò bá pa obì lọ́dún yìí, wọ́n ti gba ipò àgbà lọ́wọ́ mi nìyẹn."

Mo ní, "Màá wá."

Mo fẹ́ sọ ọ́ lóòótọ́. Ọ̀nà ni ẹ̀rù ti bà mí. Bí mo bá ní àmín tirẹ̀ kì í ṣe nǹkan kan, àwọn tó kù ńkọ́? Láti ọdún mọ́kànlélógún, mélòó nínú wọn ló kàn ń bọ̀wọ̀ fún mi?

Gbogbo ilé ti jókòó. Fákọ̀yà ní, "Ẹ̀yin náà lẹ dé yìí. Ṣé ó sọ àdúrà yín àbí kò sọ ọ́?"

Mo ní, "Ó sọ ọ́."

"Ṣé tinútinú ni?"

Mo ní, "Ọlọ́run nìkan ló mọ inú."

Ọ̀rọ̀ tó dára létí nìyẹn. Irọ́ ni mo fi í bò. Mo mọ inú rẹ̀. Ọlọ́run nìkan kọ́ ló mọ̀ ọ́n.

Àṣàbí pariwo, "Háà! Bàbá Salome! Ẹ̀yin tí a jọ wà níbẹ̀?"

Fákọ̀yà fẹ́ tún bi mí. Ògúnṣọlá gbé ọwọ́ sókè. Ó ní, "Ó tó. Ẹ má bi í mọ́. Àlejò mi ni." Kò wò mí.

Nígbà tí ọdún dé, Fákọ̀yà ló pa obì. Ògúnṣọlá wà ní yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. Mo gbọ́ ìbọn ọdún láti ilé mi. N kò lè jẹun.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo lọ bá Fákọ̀yà. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, látorí ìwé títí dé ibi tí mo ti rẹ ohùn sílẹ̀.

Ó gbọ́ ọ tán. Ó ní, "Bàbá, ẹ ti kọ́kọ́ sọ tàkọ́kọ́ níwájú gbogbo ilé. Ẹ wá ń sọ tèkejì fún èmi nìkan. Èwo ni ká gbà?"

Mo ní kó pe ilé jọ, kí n sọ ọ́ níwájú wọn.

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹnu yín yìí? Ẹ lọ sinmi, Bàbá."

Nígbà tí pásítọ̀ tún pín ìwé orúkọ, mo dá tèmi padà. Fákọ̀yà ṣì ni àgbà ilé. Bí mo bá ń lọ sóko báyìí, ẹ̀yìnkùlé ni mò ń gbà, kí n má baà kọjá níwájú arọ Ògúnṣọlá. Bó bá rí mi, á kí mi.