Sàréè Bàbá Mi Kì Í Ṣe Pèpéle

“Ilé yìí kì í ṣe tiyín nìkan mọ́, Mà. Ti ìtàn ni.”

Ọ̀rọ̀ ńlá tí ayàwòrán ìgbéyàwó kan bá mi sọ láàárọ̀ yìí nìyẹn, níwájú ilé àtijọ́ tí bàbá mi kọ́ sí Ikate, tí mo ń gbé títí dòní.

Ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ní ẹ̀sítéètì VGC ló ní kí wọ́n wá ya fọ́tò ìgbéyàwó níbí. Kò burú. Àfi bí ọ̀gá fọ́tò ṣe ní kí ìyàwó gun orí pèpéle kan tí a fi táìlì funfun bò, kí aṣọ rẹ̀ lè tẹ́ rẹrẹ.

Mo ní, “Sàréè bàbá mi nìyẹn.”

“Mọ́mì, fọ́tò kan péré ni.”

“Ṣé ẹ ti bi bàbá bóyá wọ́n fẹ́ wà nínú ẹ̀?”

Mo gbé àga síwájú sàréè, mo jókòó. Ìyàwó, ọmọ gidi, sáré kúnlẹ̀ tòun ti aṣọ funfun: “Ẹ má bínú, Mà, a ò mọ̀.”

Ọ̀gá fọ́tò pe ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀gbọ́n pariwo sí mi lórí fóònù: “Dìde níbẹ̀ jàre! Ṣebí táìlì lásán ni!”

Mi ò dìde.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ̀gbọ́n mi náà á ka èyí. Ẹ bá mi bi wọ́n: ta ló wà lábẹ́ táìlì yẹn?