Ìkòkò Tí Kò Níná Lábẹ́

Òtútù ọjọ́ náà kò mọ ọ̀gá. Láàárọ̀, aránṣọ kan da ẹ̀wà, kárọ́ọ̀tì àti egungun màlúù sínú ìkòkò oníná mànàmáná, èyí tó ń fi wákàtí mẹ́jọ se ọbẹ̀ jẹ́jẹ́. Ọkọ rẹ̀ ń bọ̀ láti ilé ìwòsàn nírọ̀lẹ́, dókítà sì ti ní oúnjẹ rírọ̀ nìkan ni kó máa jẹ.

Ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ níbi iṣẹ́ ló wà tí àyà rẹ̀ fi já. Kò sọ fún ìyá rẹ̀ tó wà nílé pé kó má yọ wáyà ìkòkò náà. Ìyá yìí kì í jókòó kó má kọ́kọ́ yọ gbogbo wáyà kúrò lára ògiri, torí ìbẹ̀rù iná mànàmáná.

"Màmá á ti yọ wáyà ọbẹ̀ mi," ló sọ fún ẹni tó jókòó tì í.

"Pè wọ́n nígbà náà."

"Fóònù wọn á ti kú. Wọn á ti yọ òun náà kúrò lára iná."

Abẹ́rẹ́ gún un lẹ́ẹ̀mejì kí ọ̀gá tó ní kó máa lọ. Ó sáré délé. Wáyà ìkòkò wà nílẹ̀ lóòótọ́.

"Màmá, ẹ yọ ọ́."

"Mo yọ ọ́. Ìkòkò tí kò níná lábẹ́, kí ló fẹ́ sè? Mo ti dà á sínú ìkòkò mìíràn lórí sítóófù láti àárọ̀. Mo jókòó tì í títí ìdí fi ń ro mí."

Aránṣọ náà ṣí ìdérí ìkòkò orí sítóófù, ó fi ìka tẹ ẹ̀wà kan. Ó fọ́ pẹ̀tẹ̀. Ó tún tẹ òmíràn, kó lè dá a lójú.