Máàkì Tí Mo Kọ Sílẹ̀ ní Àgọ́-Ìwòyè

Òórùn igi ló máa ń kọ́kọ́ pàdé ènìyàn níbi tí àbúrò mi obìnrin ti kọ́ ẹ̀ṣẹ́ kíkàn ní Òkè-Àgbò, Ìjẹ̀bú-Igbó. Ilé ìlagi ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n ti kó àwọn ẹ̀rọ ibẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n lẹ́búlẹ́bú igi ṣì wà nínú ilẹ̀, bí òjò bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, òórùn rẹ̀ á dìde bíi pé àná ni wọ́n la ìrókò níbẹ̀ kẹ́yìn. Kóòṣì wọn so àpò iyanrìn mọ́ igi àjà, ó fi okùn tí wọ́n fi ń di ẹrù ọkọ̀ ṣe rìǹgì, àwọn ọmọ bíi méjìlá a sì máa làágùn níbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Àbúrò mi nìkan ni obìnrin láàárín wọn. Aránṣọ ni, kò tíì pé ogún ọdún nígbà náà, èmi àti òun àti ìyá wa la sì jọ ń gbé. Ìyá wa kò fẹ́ ọ̀rọ̀ náà rárá. Bí a bá ti ń jáde, á ní, "Ojú obìnrin kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi ẹ̀ṣẹ́ gbá." Èmi ni mo máa ń bẹ̀ ẹ́, èmi náà ni mo máa ń tẹ̀ lé ọmọ náà lọ.

Ìwọ náà mọ̀ mí, ọ̀rẹ́ mi. Ìṣirò ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, ohun tí mo bá sì ti lè kà, mo gbà pé mo mọ̀ ọ́n. Kóòṣì ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fún akànṣẹ́ ní máàkì. Abala mẹ́ta ni ìjà tiwọn. Ẹni tó bá borí abala kan á gba mẹ́wàá, èkejì á gba mẹ́sàn-án. Ẹ̀ṣẹ́ tó bá bà lójú, níkùn tàbí níhà ló ní iye. Èyí tó bá bọ́ sórí ìbọ̀wọ́ tàbí apá, ariwo lásán ni. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó ti tẹlifíṣọ̀n pẹ̀lú bírò àti ìwé. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni tèmi àti ti àwọn adájọ́ máa ń bára mu, títí tí àwọn ọkùnrin àdúgbò fi ń béèrè lọ́wọ́ mi pé, "Tíṣà, ta ló borí?" kí wọ́n tó kéde rẹ̀. Nígbà tó yá, bí tèmi bá yàtọ̀ sí tiwọn, èmi kọ́ ni mo máa ń rò pé ó ṣìnà.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe dé Àgọ́-Ìwòyè ní ọ̀sán Sátidé kan. Wọ́n gbé rìǹgì kalẹ̀ ní pápá ilé-ẹ̀kọ́ kan, oòrùn mú ganrínganrín, àga oníke yí i ká, èrò Ìjẹ̀bú-Igbó sì pọ̀ ju èrò ibòmíràn lọ. Ẹni tó bá borí nínú àwọn tí ìwọ̀n wọn bá ti àbúrò mi mu ni wọ́n máa mú lọ sí ibùdó ìgbaradì ti ìpínlẹ̀. Ọmọbìnrin apẹja kan láti Ìbíadé ni wọ́n fún un pé kó bá jà: alọ́wọ́-òsì, tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀pá, tí kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Adájọ́ mẹ́ta jókòó ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta rìǹgì náà. Ọ̀kan nínú wọn, bàbá àgbàlagbà kan tó dé fìlà funfun, ará Ìbíadé ni òun náà. Àwọn ènìyàn wa ti ń kùn sí ìyẹn kí aago tó lù.

Ẹ̀yìn igun àbúrò mi gan-an ni mo jókòó sí. Nígbà tí aago lù, mo ṣí bírò mi. Ọwọ́ ọ̀tún àbúrò mi ń ró pàà, pàà, bó sì ti ń ró ni àwọn èrò ń hó. Ọmọ Ìbíadé kàn ń sún mọ́ ọn ni, ó tẹrí ba, ọwọ́ òsì rẹ̀ ń ṣe nǹkan kan nísàlẹ̀ tí mi ò rí dáadáa. Mo kọ mẹ́wàá fún àbúrò mi. Ní abala kejì àbúrò mi ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó di okùn mú. Mo sọ fún ara mi pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ló yọ̀. Mo tún kọ mẹ́wàá. Ní abala kẹta ó gbá ọmọ náà nímú, ẹ̀jẹ̀ jáde, gbogbo pápá sì dìde. Mo kọ mẹ́wàá kẹta. Ọgbọ̀n sí mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Mo fa ìlà sábẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Rẹfirí dúró láàárín àwọn méjèèjì, ó di ọwọ́ wọn mú. Wọ́n kéde pé adájọ́ kan fún Ìjẹ̀bú-Igbó, adájọ́ méjì fún Ìbíadé, mọ́kàndínlọ́gbọ̀n sí méjìdínlọ́gbọ̀n. Ọwọ́ ọmọ apẹja ló gòkè.

Mi ò mọ ìgbà tí mo gun orí àga. Ohun tí mo mọ̀ ni pé mo na ìwé mi sókè, mo sì ń pariwo pé, "Mo kọ ọ́ sílẹ̀! Ẹ wá wò ó! Olè ni yín!" Ọkùnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu mi: "Tíṣà ti kọ ọ́ sílẹ̀! Ìwé wà níbẹ̀!" Ó ràn káàkiri bí iná ọyẹ́. Àga oníke kan fò kọjá lórí mi, òmíràn tẹ̀ lé e, ìyẹn sì ba bàbá onífìlà funfun níwájú orí. Ó wó lulẹ̀. Nígbà tó dìde lórí eékún, ẹ̀jẹ̀ ti ń ṣàn wọnú ojú rẹ̀, ó sì ń fọwọ́ tálẹ̀ wá awò ojú rẹ̀ nínú koríko. Wọ́n kó àwọn adájọ́ àti ọmọ Ìbíadé sínú kíláàsì kan, wọ́n tilẹ̀kùn. Àwọn èrò ń gbá ilẹ̀kùn náà gbàgbàgbà. Láti ojú fèrèsé mo rí ọmọbìnrin náà tó sá sẹ́yìn tábìlì, ìbọ̀wọ́ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní parọ́, ṣùgbọ́n mi ò tíì kábàámọ̀. Ọlọ́pàá ló wá kó wọn jáde.

Ọjọ́ kejì, Kóòṣì kọ ìwé ẹ̀sùn sí ìgbìmọ̀ tó ṣètò ìdíje náà pé kí wọ́n yí èsì padà, kí wọ́n sì lé bàbá Ìbíadé kúrò nídìí iṣẹ́ adájọ́. Ìwé máàkì mi ni ẹ̀rí tó so mọ́ ọn. Wọ́n ní kí gbogbo wa wá ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Nítorí pé mo fẹ́ kí ẹ̀rí mi dúró digbí ni mo ṣe wá fídíò ìjà náà. Ẹnìkan láti òdìkejì rìǹgì ló yà á. Ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn ìjà ni, orí ń fọ́ ìyá wa lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó dùbúlẹ̀ ní pálọ̀, mo bá pa ohùn fóònù mi. Ọ̀rẹ́ mi, ohun tí mo rí láìsí ariwo yàtọ̀. Àwọn ẹ̀ṣẹ́ àbúrò mi tó ń ró pàà, orí ìbọ̀wọ́ ọmọ Ìbíadé ni wọ́n ń bọ́ sí. Ọwọ́ òsì tí mi ò rí dáadáa ń wọ àbúrò mi níhà, lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹrin, láìní ariwo kankan. Ní abala kejì, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yọ̀. Ẹ̀ṣẹ́ ló bà á. Mo tún un wò lẹ́ẹ̀mẹta, mo ń kọ máàkì ní ọ̀tun lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tí ìṣirò rẹ̀ kò jáde. Méjìdínlọ́gbọ̀n ni àbúrò mi ń gbà nígbà gbogbo.

Mo bá a nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Mo ní, "Ta ló borí lọ́jọ́ yẹn?"

Ó dá ẹ̀rọ náà dúró, ó sì ká bùláòsì rẹ̀ sókè. Ìhà rẹ̀ ọ̀tún ti dúdú, ó tún pọ́n létí, ó tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ.

"Mo mọ̀, Àǹtí mi. Láti inú rìǹgì ni mo ti mọ̀."

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Ẹ ti gun orí àga kí n tó bọ́ ìbọ̀wọ́. Gbogbo ìlú ń jà fún mi. Báwo ni mo ṣe fẹ́ ní kí wọ́n dákẹ́?"

Mo lọ bá Kóòṣì pé kó bá mi gba ìwé mi padà lọ́wọ́ ìgbìmọ̀. Ó ní, "Ṣé ìwọ lo fẹ́ gba ibùdó mọ́ àbúrò rẹ lọ́wọ́?" Ó kọ̀. Mi ò sùn dáadáa. Lọ́jọ́ kejì, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, mo tún wọ òmíràn lọ sí Ìbíadé.

Agẹrun ni bàbá adájọ́ náà, wọ́n sì júwe ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fún mi. Irun oníbàárà kan ló ń gẹ̀ nígbà tí mo wọlé, báńdéèjì wà níwájú orí rẹ̀, àwọn ọkùnrin mẹ́ta sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ọ̀kan nínú wọn dìde. "Ṣé òun kọ́ rèé, tíṣà oníwèé?" Fídíò tèmi náà ti dé ọ̀dọ̀ wọn: èmi lórí àga, ìwé lókè. Wọ́n dí ẹnu ọ̀nà mọ́ mi. Mo kúnlẹ̀ síbi tí mo dúró sí, lórí irun tó wà nílẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá. Mo ṣì í kà. Mo tún wá pè yín lólè."

Ó pa ẹ̀rọ ìgẹrun. "Apá ibo lo jókòó sí?"

"Ẹ̀yìn àbúrò mi, sà."

"Ẹ̀yìn àbúrò rẹ lo fún ní máàkì nìyẹn." Àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbọ́wọ́ sókè sí wọn. "Ìdí tí wọ́n fi fi wá sí ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta nìyẹn. Kò sí ojú kan tó rí i tán."

Mo béèrè bóyá ìdájọ́ náà dá a lójú. Ó ní ó dá òun lójú pé ti ọmọ Ìbíadé ni abala kìíní, ìkẹta sì jẹ́ ti àbúrò mi. Ó wá ní, "Ìkejì ṣì ń bá mi jí láràárọ̀. Ọmọ ìlú mi ni. Mo wò ó bóyá ìfẹ́ ló ń kọ̀wé fún mi. Mi ò tíì rí ìdáhùn tó tẹ́ mi lọ́rùn." Kò sọ pé òun dárí jì mí. Ohun tó sọ ni pé, "Ṣé wàá lè sọ ọ́ níwájú ìgbìmọ̀, níṣojú àwọn ará ìlú rẹ?"

Mo sọ ọ́. Ojú àwọn tó gbé mi ga ní Àgọ́-Ìwòyè ni mo ń wò bí mo ṣe ń sọ pé ìwé tèmi kò tọ̀nà. Ẹnìkan tutọ́ sílẹ̀ bí mo ṣe ń kọjá. Èsì kò yí padà, wọn kò lé bàbá náà, Kóòṣì kò sì bá mi sọ̀rọ̀ fún oṣù mélòó kan. Àbúrò mi dúró ọdún kan gbáko kó tó tún rí àǹfààní ibùdó náà.

Àwọn ènìyàn ṣì ń bi mí bóyá òǹwòran lè mọ máàkì kọ bí adájọ́. Ó lè mọ̀ ọ́n, bí kò bá fẹ́ràn ẹnikẹ́ni níbẹ̀, tó sì lè di etí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló ń lọ wo ìjà tí kò ní ẹni tó fẹ́ràn níbẹ̀? Èmi ṣì ń kọ tèmi, mi ò kàn ń pè é ní ẹ̀rí mọ́. Ohun tó ń dùn mí jù kì í ṣe pé mo ṣì í kà. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni mo fi gbé ọ̀rọ̀ ìwé náà káàkiri ìlú pé wọ́n rẹ́ àbúrò mi jẹ, lábẹ́ òrùlé kan náà pẹ̀lú rẹ̀, mi ò sì bi í lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé níbo ló ń dùn ún.