Orúkọ Tí Àǹtí Gbèdéke Fi Ọwọ́ Ara Rẹ̀ Yọ

Bí ènìyàn bá fẹ́ mọ ohun tí à ń pè ní ìfojú-tín-ín-rín, kí ó lọ wo Àǹtí Gbèdéke nígbà tí ẹni tí kò kà sí bá ń sọ̀rọ̀ níwájú rẹ̀. Kì í jiyàn, kì í pariwo. Yóò kàn yọ jígí ojú rẹ̀, yóò máa fi etí aṣọ nù ún díẹ̀díẹ̀, títí ẹni náà yóò fi gbàgbé ohun tó ń sọ. Òun ni olórí ẹ̀ka ìṣirò owó ní ilé iṣẹ́ kan tó ní gbọ̀ngàn eré ìdárayá káàkiri ìlú, níbi tí àwọn tí ikùn ti ń ṣáájú wọn wọlé ti ń wá gbé irin, tí wọ́n sì ń sanwó rẹ̀ lóṣooṣù. Gbèdéke kì í ṣe orúkọ tí òbí sọ ọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ló fi ń ṣe é ní yẹ̀yẹ́ lẹ́yìn, nítorí kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè bá wá sọ́dọ̀ rẹ̀ tí kò ní fún un ní gbèdéke: "Ọ̀sán Ọjọ́rú ni gbèdéke rẹ. Bí oòrùn bá ti yẹ̀ báyìí, má wulẹ̀ wá mọ́."

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni yàrá iṣẹ́ rẹ̀ wà, lórí gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń gbé irin gan-an. Bí alágbára kan bá ju irin sílẹ̀ nísàlẹ̀, ife tíì orí tábìlì rẹ̀ a mì. Àǹtí a wo ife náà, a pòṣé, a ní, "Ẹni tó mọ̀ pé òun ò lè gbé e, kí ló dé tó fọwọ́ kàn án?" Ojú tó fi ń wo gbogbo ayé náà nìyẹn.

Ilé ló ti kọ́ ọ. Bàbá rẹ̀ jẹ́ ọkùnrin tó dùn lẹ́nu. Lónìí a ní òun fẹ́ máa kó ọkọ̀ wọlé láti òkè òkun, lọ́la a ní òun àti ènìyàn ńlá kan ti jọ sọ ọ́ yanjú, ó ku kí wọ́n fọwọ́ sí i. Ìyá rẹ̀ tó ń ránṣọ ló ń gbọ́ bùkátà. Bàbá a jókòó, a gbẹ́sẹ̀ lé ẹsẹ̀, a máa ka iye yàrá tí ilé tí òun fẹ́ kọ́ yóò ní, òjò a sì máa jò sínú bàsíà láàárín pálọ̀. Ọmọbìnrin náà ti mọ̀ láti kékeré pé ọ̀rọ̀ dídùn kì í dí ihò òrùlé. Láti ìgbà náà, ẹni tí ọ̀rọ̀ bá ti pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, kò kà á kún.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀gá àgbà wá mú wá bá a.

Àwọn oníbàárà kì í mú owó wá sí ọ́fíìsì mọ́. Orí fóònù ni wọ́n ti ń forúkọ sílẹ̀. Ètò kan tó wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ń háyà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ mìíràn, ló ń yọ owó oṣù nínú káàdì oníkálukú. Ètò náà mọ ẹni tó san, ó sì mọ ẹni tí káàdì rẹ̀ ti gbẹ. Ṣùgbọ́n ètò ìṣirò ti ilé iṣẹ́ kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn, tó yẹ kó máa ṣí fún ẹni tó sanwó nìkan. Ọwọ́ ni Àǹtí Gbèdéke àti akọ̀wé rẹ̀ fi ń da gbogbo rẹ̀ kọ láti ìhín sí ọ̀hún. Ọ̀gá wá ní ó tó gẹ́ẹ́. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìsopọ̀ sáàárín wọn, kí ètò ìgbowó máa fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún ètò ìṣirò àti fún ilẹ̀kùn.

Inú Àǹtí dùn. Ìdùnnú náà kò pẹ́.

"Àna mi ló máa bá wa ṣe é," ni ọ̀gá wí.

Ọkọ àbúrò ọ̀gá ni. Gbogbo ọ́fíìsì ló ń pè é ní Àna, títí dé orí ẹni tó ń gbálẹ̀, àfi bí ẹni pé gbogbo wọn ni wọ́n para pọ̀ fọmọ fún un. Ó dé ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan pẹ̀lú bàtà tí kò wọ ìbọ̀sẹ̀ sí, ó kó fóònù mẹ́ta jáde, ó tò wọ́n sórí tábìlì Àǹtí Gbèdéke bí ẹni ń pàtẹ ọjà.

"Ẹ káàárọ̀ o, Àǹtí mi. Ẹ fọkàn balẹ̀. Iṣẹ́ yìí, ẹ kà á sí èyí tó ti parí. Báńkì ńlá kan wà tí n kò ní dárúkọ, èmi ni mo so tiwọn pọ̀."

"Báńkì wo?"

"Àǹtí, mo ní n kò ní dárúkọ."

"Mo gbọ́." Ó yọ jígí ojú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nù ún.

Ṣùgbọ́n Àna kì í ṣe ẹni tí jígí nínù ń pa lẹ́nu mọ́. Bó ṣe ń tẹ kọ̀ǹpútà ló ń sọ̀rọ̀. Ó sọ̀rọ̀ kíláòdù, ibi ìkó-nǹkan-sí orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó ní ibẹ̀ ni gbogbo ayé ń kó lọ. Ó sọ ti kọ́kọ́rọ́ àṣírí tí ètò kan fi ń ṣílẹ̀kùn fún èkejì. Ó sọ ti ìrìn àjò tó lọ, ó sọ ti ọkọ̀ tó fẹ́ rà, ó sọ àwọ̀ ọkọ̀ náà. Nígbà tó di pé kí ẹnì kan fàṣẹ sí ìsopọ̀ náà, ó yíjú sí i.

"Àǹtí, orúkọ ta la máa lò? Ẹnì kan gbọ́dọ̀ wọlé kó fọwọ́ sí i pé òun gbà kí ètò ìgbowó máa kó ìròyìn jáde. Ó ṣáà yẹ kó jẹ́ orúkọ ilé iṣẹ́ fúnra rẹ̀, kó má jẹ́ ti ẹnì kan, àmọ́ ìyẹn á gba kí ọ̀gá ṣí íméèlì tuntun. Ẹ jẹ́ n sọ ti ìgbà kan fún yín tí a wà ní—"

"Kì í ṣe tèmi." Kò jẹ́ kó parí. "N kò ní fi orúkọ mi sábẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ. Fi tìrẹ sí i."

"Kò burú, kò burú. Tèmi náà á ṣe é."

Ohun tó wá dun Àǹtí Gbèdéke jù ni pé nǹkan náà ṣiṣẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó rí i pé àwọn tí wọ́n dá owó wọn padà fún, ìsopọ̀ náà ń kà wọ́n mọ́ àwọn tó san. Ayọ̀ tó yọ̀ kò kéré. Ó ránṣẹ́ pe Àna, ó fi ìka tẹ ojú kọ̀ǹpútà. "Wo ohun tí o ṣe." Àna wò ó, ó ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù, ó yí ibì kan padà, ó ní, "Ó ti tán, Àǹtí." Ó sì ti tán lóòótọ́. Àǹtí wá àṣìṣe mìíràn títí, kò rí.

Láti ìgbà náà ni Àna ti sọ ọ́fíìsì di ilé àna. Kò sí iṣẹ́ tó ń ṣe níbẹ̀ mọ́, ojoojúmọ́ ló ń wá. Omi tútù inú fíríìjì ló ń mu, àga akọ̀wé ló ń jókòó lé, nígbà tó bá sì gbọ́ pé oníbàárà wà nísàlẹ̀, a sọ̀kalẹ̀ lọ sọ fún wọn pé òun lòun gbé ilé iṣẹ́ yìí sórí kíláòdù.

"Ẹni tó gún abẹ́rẹ́ kan péré," ni Àǹtí Gbèdéke sọ fún akọ̀wé, "tó wá ń rìn bí ẹni pé òun ló kọ́ ilé ìwòsàn."

Nígbà tó yá, ọ̀gá fẹ́ rin ìrìn àjò. Kó tó lọ, ó ní kí Àǹtí lọ wo inú ètò ìgbowó náà, kó yọ orúkọ àwọn tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ wọn mọ́. Orúkọ àwọn tó ti lọ pọ̀ níbẹ̀. Kò tilẹ̀ dé orí wọn tó fi rí orúkọ Àna. Ó wò ó. Ó rò ó lọ́kàn rẹ̀ pé ẹni tí kò sí nínú àwọn tó ń gbowó oṣù kì í ṣe òṣìṣẹ́, òfin sì ni òfin. Kọ̀ǹpútà bi í bóyá ó dá a lójú. Kò sí ohun tó dá a lójú tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó tẹ bọ́tìnnì náà bí ẹni tó pa ẹ̀fọn, ó mu tíì rẹ̀, ó sì lọ sílé tayọ̀tayọ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kò tíì dé ọ́fíìsì tó fi ń gbọ́ ariwo. Àwọn oníbàárà dúró bí igi lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn, pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé àti tówẹ́ẹ̀lì lọ́rùn. Ìdájí ni ilẹ̀kùn máa ń bi ìsopọ̀ léèrè pé ta ló sanwó. Lọ́jọ́ yìí, ó béèrè, kò rí ẹni dá a lóhùn, ó sì ti ara rẹ̀ mọ́ gbogbo ayé.

"Mo ti sanwó!" ni ọkùnrin sìgbọ̀nlẹ̀ kan ń wí. "Ṣé kí n fò ó ni?"

"Bí ẹ bá lè fò ó, ẹ ò ní nílò eré ìdárayá," ni ẹ̀ṣọ́ dá a lóhùn.

Àǹtí ní kí ẹ̀ṣọ́ fi irin gbé ilẹ̀kùn ṣí. Kò pẹ́ tí àwọn tí kò san kọ́bọ̀ rí, tí wọ́n kàn ń kọjá lọ, fi yà wọlé tí wọ́n ń bá wọn gbé irin. Lókè, akọ̀wé fi ohun tí kọ̀ǹpútà kọ hàn án: ẹni tó fàṣẹ sí ìsopọ̀ yìí kò sí mọ́. Àǹtí sáré dá orúkọ Àna padà. Pàbó ló já sí. Àṣẹ tó ti kú kì í jí, àfi kí ẹnì kan tún fàṣẹ sí i láti ìbẹ̀rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ àṣírí tí wọ́n fi ń ṣe é sì wà lọ́wọ́ Àna. Ó pè é lórí fóònù. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló pè. Kò sí èyí tó gbé.

Bó ṣe di pé Àǹtí Gbèdéke wakọ̀ lọ kan ilẹ̀kùn Àna nìyẹn. Ìyàwó rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn.

"Ó ń sùn, Àǹtí."

"Ní aago yìí?"

"Ẹ̀yin náà kúkú mọ̀ ọ́n," ni ìyàwó wí, ó fún un ní àga, ó sì lọ jí i.

Àna jáde pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì, ojú rẹ̀ wú. Àǹtí dìde.

"Àna, ẹ káàárọ̀."

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mọra, "ìwọ" ni ó ń pè é, bí àgbà ṣe ń pe ọmọdé. Òun fúnra rẹ̀ gbọ́ "ẹ" tó jáde lẹ́nu rẹ̀, ẹnu yà á. Àna wo ẹ̀yìn ara rẹ̀ ọ̀tún, ó wò ó òsì.

"Àǹtí, ta lẹ ń kí? Èmi nìkan ni mo wà níbí."

"Ẹ má bínú. Ìsopọ̀ yẹn ti já."

"Já? Iṣẹ́ ọwọ́ mi kì í já. Kí ni wọ́n fi ṣe?"

Irọ́ ti wà lórí ahọ́n rẹ̀. Ó lè ní òun kò mọ̀, ó kàn ṣàdédé dúró ni. Ṣùgbọ́n irọ́ pípa fún irú ẹni báyìí, ó rò ó, ìyẹn á tún rẹ òun sílẹ̀ ju ẹ̀bẹ̀ lọ.

"Èmi ni mo yọ orúkọ yín."

Àna bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú.

"Kí ló dé?" ni ìyàwó rẹ̀ béèrè láti ilé ìdáná.

"Wọ́n yọ orúkọ mi níbi iṣẹ́!"

"Iṣẹ́ wo?"

Ẹ̀rín náà dín kù. Àna jókòó, ó gbẹ́sẹ̀ lé ẹsẹ̀, ó ní, "Àmọ́ mo sọ fún yín lọ́jọ́ yẹn, Àǹtí. Mo ní orúkọ ilé iṣẹ́ ló yẹ ká lò."

Òótọ́ ni. Àǹtí rántí. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí ọkùnrin yìí ti da sílẹ̀ láti ọjọ́ tó ti mọ̀ ọ́n, ẹyọ kan tó gbọ́n nìyẹn, òun ló sì gé e lẹ́nu. Ó dùn ún ju ẹ̀rín náà lọ. Kò sì tìtorí ìyẹn fẹ́ràn rẹ̀ sí i.

Àna wẹ̀, ó jẹun, ó pààrọ̀ ẹ̀wù lẹ́ẹ̀mejì. Inú ọkọ̀ Àǹtí ni wọ́n jọ lọ, ó sì ń sọ ìtàn dé ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì. Ọ̀gá ṣí íméèlì tuntun fún ilé iṣẹ́ láti ibi tó wà. Nígbà tí Àna fẹ́ máa sáré tẹ kọ̀ǹpútà bí ìṣe rẹ̀, Àǹtí fa àga tirẹ̀ súnmọ́ ọn, ó gba kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Dákẹ́ ná. Èmi ni n ó tẹ̀ ẹ́. Kí ni èyí ń ṣe?"

"Ìyẹn ló ń béèrè àṣẹ."

"Tọ̀hún ńkọ́?"

"Ibẹ̀ lẹ máa yan ohun tó lè kó jáde."

"Ìwọ" ti padà, àwọn méjèèjì sì mọ̀. Àǹtí béèrè ohun gbogbo, ó tún un béèrè, kò dìde títí ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í dá àwọn ènìyàn mọ̀. Ẹ̀ṣọ́ lé àwọn tó wọlé lọ́fẹ̀ẹ́ jáde, ẹnì kan nínú wọn ní òun kò tíì gbé irin òun tán.

Nígbà tí ọ̀gá dé, Àǹtí fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó ṣe, láìfi iyọ̀ sí i. Àna ti sọ tirẹ̀ ṣáájú, iyọ̀ sì wà níbẹ̀ rẹpẹtẹ: gbogbo ìlú ló kó wá bẹ òun, Àǹtí sì kúnlẹ̀. Ọ̀gá kò bínú. Níbi ìpàdé, ó ní kí gbogbo wọn pàtẹ́wọ́ fún Àna. Àǹtí Gbèdéke fi ìka méjì pa á. Láti ìgbà náà, òun fúnra rẹ̀ ló ń yẹ ìsopọ̀ náà wò láràárọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó débẹ̀. Bí Àna bá sì bi í pé ṣé kò sí wàhálà, a ní, "Lọ mu omi rẹ."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ìpàdé yẹn, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún ọkọ rẹ̀ bó ṣe ń bọ́ bàtà. Ọkọ rẹ̀ kì í ṣe ẹni tó máa ń sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìdí tí Àǹtí fi fẹ́ ẹ nìyẹn. Ọkùnrin náà gbọ́ ọ dé òpin, ó gbé ìwé ìròyìn ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Ìwọ yìí náà lo sọ pé 'Ẹ má bínú'?"

"Mo sọ ọ́."

Èjìká ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó fi ìwé ìròyìn bojú, ẹ̀rín náà kò bò. Àǹtí Gbèdéke yọ jígí ojú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nù ún, ṣùgbọ́n ẹni tó fi ìwé bojú kò rí i.